Ẹ bi akọ náà wò: bí wọ́n ṣe ń mọ clam tó ní ẹyin nínú

1/
Ọ̀rọ̀ ẹyin ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe ẹyin adìyẹ o. Ẹyin ẹran omi kan ni, tí kò ní orí, tí ìkarahun méjì pa dé mọ́ lára bí ìwé tí wọ́n pa dé. Clam lòyìnbó ń pè é. Thread yìí máa gùn díẹ̀. Ẹ wá omi tútù mu, kí ẹ fìdí kalẹ̀.

2/
Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ rèé. Ọ̀nà tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń gbà mọ clam tó ní ẹyin nínú kọ́ mi ní ohun kan nípa ẹ̀rí, ohun náà sì ti wúlò fún mi nínú ilé wa ju bó ṣe wúlò fún mi nínú láàbù lọ. Òun ni pé ẹlẹ́rìí tó bá ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni" fún gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú rẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ ò wúlò. Ẹ fi sọ́kàn. A máa padà lò ó.

3/
Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀lé mi: Biochemistry ni mo kà ní yunifásítì. Fídíò sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá ni mo ń ṣe jẹun báyìí. Nígbà tí mo ṣe àgùnbánirọ̀, ìpínlẹ̀ Cross River ni wọ́n gbé mi lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ fojú ara mi rí clam. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pe irú èyí tó wà níbẹ̀ ní Galatea paradoxa. Ó wà nínú odò Cross River, ó wà nínú odò Volta ní Ghana náà. Inú iyanrìn ìsàlẹ̀ odò ló ń gbé, èèyàn ló máa ń mòòkùn lọ kó o wá.

4/
Ìyá kan wà tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Mama, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó ní ẹyin?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá ti sanra, ó sanra náà nìyẹn, ta ló fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa, òótọ́ ló sọ. Ẹja tó bá ní ẹyin, ikùn rẹ̀ á yọ síta. Akàn tó bá ní ẹyin, abẹ́ ikùn ló máa ń gbé e sí, gbogbo ayé á rí i. Adìyẹ tó bá yé, ariwo rẹ̀ nìkan tó fún àdúgbò. Clam ńkọ́? Ìkarahun akọ àti ìkarahun abo, bákan náà ni wọ́n rí. Ó pa ẹnu mọ́, ó di.

5/
Ẹ lè ní kí ló wá kan wa níbẹ̀. Ó kàn wá dáadáa.

Ọ̀pọ̀ clam kì í gun ara wọn. Abo á tú ẹyin sínú omi, akọ á tú àtọ̀ sínú omi, inú omi níbẹ̀ ni wọ́n á ti pàdé. Tí ẹ bá kó abo tó kún fún ẹyin kí ó tó tú u, ẹran ọdún yìí àti irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ lẹ kó sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà. Àgbẹ̀ tó bá fi èbù iṣu gún iyán, ẹ mọ bí ọdún tó ń bọ̀ á ṣe rí fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé "ẹ má kó clam ní oṣù báyìí", ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ oṣù tí ẹyin ń kún inú wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ sin wọ́n, ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó mú ìyá àti bàbá wọn.

6/
Clam tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yìí lé lórí jù ni wọ́n ń pè ní Manila clam, Ruditapes philippinarum. Etíkun Éṣíà ni ilé rẹ̀: Korea, Japan, China. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ló dé etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ó bá irúgbìn oyster tí wọ́n ń kó wá láti Japan wọlé, kò sẹ́ni tó pè é. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e lọ sí Yúróòpù láti máa sìn ín. Ẹran owó ni. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn tó ń sìn ín fẹ́ mọ iye ẹyin tó wà nínú rẹ̀, kì í kàn ṣe bóyá ó ní tàbí kò ní.

7/
Ibi tí wàhálà wà nìyí. Tí ẹ bá la ẹja, ẹ máa rí àpò ẹyin rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ lè yọ ọ́, kí ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, ó tán.

Ti Manila clam ò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹyin rẹ̀ ò dá dúró. Ó lọ́ mọ́ ìfun, ó wọnú ẹran tó yí ìfun ká, wọ́n ti di ọ̀kan. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ọ̀bẹ yà wọ́n. Ẹyin kan ṣoṣo ò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Abo kan lè ní wọn ní mílíọ̀nù. Ta ló fẹ́ jókòó kà á?

8/
Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí wọ́n gé e wò. Wọ́n á fi kẹ́míkà mú ẹran clam náà le, wọ́n á rì í sínú ìda, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ gé e pẹlẹbẹ, kí ó fẹ́lẹ́ tó nǹkan bí ìdá 5 tàbí 6 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Wọ́n á pa á láró, wọ́n á gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Lójú ibẹ̀, ẹ máa rí ẹyin kedere, ẹ máa mọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà àti èyí tó ti gbó.

Ọ̀nà yìí dára, wọ́n ṣì ń lò ó títí dòní. Àmọ́ ó máa ń gba ọjọ́ púpọ̀, ohun tó sì máa sọ fún yín ni "ẹyin ti ń gbó" tàbí "ẹyin ti tú tán". Kò ní sọ iye. Ẹ fojú inú wo ẹni tó kó 300 clam wálé láti oṣù mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orí á fọ́ ọ.

9/
Àwọn kan wá yí ìbéèrè náà padà. Wọn ò bèèrè pé "báwo la ṣe máa rí ẹyin" mọ́. Wọ́n bèèrè pé: kí ló wà nínú ẹyin tí kò sí níbòmíràn nínú ara clam? Tí a bá rí nǹkan ọ̀hún, a ò nílò láti yọ ẹyin lọ́tọ̀ mọ́. A lè lọ gbogbo clam náà kúnná bí ata, kí a wá nǹkan ọ̀hún nínú omi rẹ̀, kí a sì wọn bó ṣe pọ̀ tó.

Ohun tí wọ́n ń pè ní àmì nìyẹn. Ohun kékeré tó ń ṣojú fún ohun ńlá.

10/
Nǹkan náà wà. Ẹ ti jẹ irú rẹ̀ láàárọ̀ yìí tí ẹ bá jẹ ẹyin adìyẹ: pupa ẹyin. Oúnjẹ tí ìyá dì fún ọmọ kó tó rán an jáde ni pupa ẹyin, purotéènì pàtàkì kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní vitellin. Lára adìyẹ àti ẹja, ẹ̀dọ̀ ìyá ló ń pèsè ohun tó máa di vitellin, orúkọ ìyẹn ni vitellogenin. Ẹ̀jẹ̀ ló máa gbé e dé inú ẹyin. Ní ti oyster, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí clam, àwọn onímọ̀ ará Japan fi hàn ní 2003 pé inú ilé ẹyin níbẹ̀ gan-an, lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí ẹyin ká, ni iṣẹ́ yẹn ti ń lọ.

Bí ẹyin bá ṣe ń dàgbà ni purotéènì yìí á máa pọ̀ sí i. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wọ̀n, ó ti mọ ẹyin wọ̀n.

11/
Báwo lẹ ṣe fẹ́ mú purotéènì kan ṣoṣo láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún purotéènì mìíràn? Áńtíbọ́dì ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀yin obìnrin inú thread yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti lo áńtíbọ́dì rí láìmọ̀. Sitíríìpù tí wọ́n fi ń wo oyún, tí ẹ ń yọ́ lọ rà ní kẹ́míìsì, áńtíbọ́dì ló wà lára rẹ̀. Purotéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní hCG, ara tó bá gba oyún ló máa ń pèsè rẹ̀, ó sì máa ń bọ́ sínú ìtọ̀. Áńtíbọ́dì ara sitíríìpù mọ hCG bí ajá ṣe mọ olówó rẹ̀. Tó bá ti rí i, á dì í mú, ìlà á yọ.

12/
Ẹ rántí pé ìlà méjì ló wà lórí sitíríìpù yẹn. Èyí tí wọ́n kọ T sí ni gbogbo yín ń wò tí àyà yín á máa já. Àmọ́ èyí tí wọ́n kọ C sí gan-an ló ń sọ bóyá ó yẹ kí ẹ gba T gbọ́. Tí C ò bá yọ, ẹ sọ ọ́ nù. Ohunkóhun tó wù kí T sọ, kò já mọ́ nǹkan kan.

Ìlà C yẹn, ẹ mú un dání. Òun ni mo fẹ́ kí thread yìí fi yé yín.

13/
Ti clam, kò sí sitíríìpù rẹ̀ ní kẹ́míìsì. Ẹ máa ní láti ṣe áńtíbọ́dì yín fúnra yín. Ehoro ló máa bá yín ṣe é.

Wọ́n á wá abo clam tó ti kún fún ẹyin, wọ́n á yọ ẹyin náà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ purotéènì inú rẹ̀ títí tó fi mọ́. Wọ́n á gún díẹ̀ nínú rẹ̀ sára ehoro. Ara ehoro á ní, "Kí lèyí? Mi ò mọ̀ ọ́n rí o." Á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè áńtíbọ́dì tó máa dojú kọ ọ́. Wọ́n á tún gún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ara rẹ̀ má baà gbàgbé. Lẹ́yìn náà wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó dì, wọ́n á gba omi tó wà lókè. Inú omi yẹn ni áńtíbọ́dì wà.

14/
Ẹ̀yin tó ń rò pé iṣẹ́ ti parí, ẹ dúró ná.

Ehoro ò mọ ohun tí ẹ ń wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé "purotéènì ẹyin nìkan la fẹ́ o". Tí ẹran díẹ̀ tàbí omi ara clam bá bá ẹyin yẹn wọ inú abẹ́rẹ́, ehoro máa pèsè áńtíbọ́dì tó mọ ìyẹn náà. Nígbà tí ẹ bá wá lò ó, á máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ clam. Ẹ̀yin á rò pé ẹyin lẹ rí. Ìwé yín á kún fún nọ́ńbà tó rẹwà, irọ́ sì ni gbogbo rẹ̀.

15/
Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ lọ bá akọ.

Akọ clam ní ẹran, ó ní ìfun, ó ní omi ara, ohun gbogbo tí abo ní ló ní. Ohun tí kò ní ni ẹyin. Nítorí náà, wọ́n á lọ akọ náà kúnná, wọ́n á fi áńtíbọ́dì kàn án. Tí áńtíbọ́dì bá dákẹ́ lójú akọ, tó wá sọ̀rọ̀ lójú abo, ẹ ti rí ẹlẹ́rìí. Tó bá sọ̀rọ̀ lójú àwọn méjèèjì, ẹ ò tíì rí nǹkan kan.

Ẹ ṣàkíyèsí o. Kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni" tó sọ fún abo ló sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí. "Rárá" tó sọ fún akọ ni.

16/
Tó bá wá sọ̀rọ̀ lójú akọ ńkọ́? Ọgbọ́n wà. Wọ́n á da áńtíbọ́dì náà pọ̀ mọ́ ẹran akọ clam, wọ́n á fi í sílẹ̀ díẹ̀. Gbogbo áńtíbọ́dì tó mọ ẹran lásán á lẹ̀ mọ́ ẹran náà. Wọ́n á yí i nínú ẹ̀rọ, ìyẹn á rọ̀ sí ìsàlẹ̀, wọ́n á dà á nù. Èyí tó bá kù lókè, ẹyin nìkan ló mọ̀.

Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá ń ṣa ìrẹsì kí ẹ tó sè é. Ẹni tó bá jẹ òkúta rí ló mọ ìdí tí a fi ń ṣà á.

17/
Ó wá ku kí wọ́n wọ̀n ọ́n. ELISA ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Ní 1971, Eva Engvall àti Peter Perlmann gbé e jáde ní Stockholm ní Sweden.

Àwo ike kékeré kan ni, ihò 96 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì, irú àwo yìí ni mò ń fọ̀ títí ọ̀pá ẹ̀yìn mi fi ń ké. Ẹ máa da omi clam tí ẹ ti lọ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, purotéènì á lẹ̀ mọ́ ògiri ihò. Ẹ máa fi nǹkan bíi mílíìkì gbígbẹ tí ẹ pò mọ́ omi dí ibi tó ṣófo. Ẹ ò ṣì í gbọ́, mílíìkì! Kí áńtíbọ́dì má baà lẹ̀ mọ́ ike fúnra rẹ̀ ni. Ẹ da áńtíbọ́dì ehoro sí i. Ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ da áńtíbọ́dì ewúrẹ́ tó mọ ti ehoro sí i, ẹ́ńsáìmù ti wà lára ìyẹn. Ẹ tún fọ̀ ọ́. Ẹ wá da omi tí ẹ́ńsáìmù yẹn máa ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà sí i.

Ihò tí ẹyin bá pọ̀ nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú dáadáa. Èyí tí kò bá ní, á funfun bí omi pọ́ńpù.

18/
Nínú àwo yẹn, wọ́n máa ń ya ihò kan sọ́tọ̀ fún purotéènì ẹyin tí wọ́n ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, láti kékeré dé ńlá, kí wọ́n lè fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti clam tí wọn ò mọ̀. Wọ́n máa ń ya òmíràn sọ́tọ̀ fún akọ. Wọ́n máa ń ya òmíràn sọ́tọ̀ tí wọn ò ní da áńtíbọ́dì ehoro sí rárá. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní wọ́n ń fi ihò ṣòfò. Àwọn ihò yẹn ni ìlà C o!

19/
Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Kwang-Sik Choi àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Texas lo irú ọ̀nà yìí fún oyster Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 2004, òun àti Kyung-Il Park gbé ti Manila clam jáde ní Korea: áńtíbọ́dì ehoro tó mọ purotéènì ẹyin, àti ELISA tó ń wọn iye ẹyin tó wà nínú abo kọ̀ọ̀kan. Clam tí ọ̀bẹ ò lè yà, tí òṣùwọ̀n ò lè wọ̀n, nọ́ńbà ti wà fún un.

Ní 2006, wọ́n tún lo ọ̀nà yẹn láti wo ohun tí kòkòrò kan tó ń jẹ́ Perkinsus olseni ń ṣe sí ìbímọ clam. Kòkòrò yẹn máa ń bá Manila clam jà gan-an ní Korea. Kí irú àyẹ̀wò yìí tó dé, ẹ lè rí i pé clam ń ṣàìsàn. Àmọ́ báwo lẹ ṣe máa mọ bóyá àìsàn náà ń jẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ọn nínú?

20/
Ó níbi tí agbára àmì mọ o. Purotéènì ẹyin kì í ṣe ọmọ clam. Ẹyin tó ti ń bàjẹ́ nínú ìyá rẹ̀ lè ṣì ní purotéènì yẹn, áńtíbọ́dì á sì dì í mú. Kò ní sọ fún yín bóyá ẹyin náà máa pàdé àtọ̀, bóyá ó máa pa, bóyá ẹja ò ní gbé e mì lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ ṣì fi ń gé clam díẹ̀ wò lábẹ́ maikirosikóòpù, kí wọ́n lè fi ojú jẹ́rìí sí ohun tí àwọ̀ sọ.

Ìgbà mìíràn sì wà tí akọ máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni", tí áńtíbọ́dì ò sì purọ́. Láàárín àwọn ọdún 1990 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ rí vitellogenin nínú ẹ̀jẹ̀ akọ ẹja tó wà nísàlẹ̀ ibi tí omi ìdọ̀tí ìlú ń tú sí odò. Akọ ẹja tó ń pèsè ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹyin! Akọ náà ní àbùdá tó lè ṣe é, kò kàn sí ohun tó ń jí i ni. Họ́mónù abo tó wà nínú omi ìdọ̀tí ló jí i. Ká ní wọn ò yẹ akọ wò ni, ta ló máa mọ̀ pé odò ń ṣàìsàn?

21/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká délé.

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kí n tó kọ ibí yìí. Ọdún mẹ́rin ló fi ń retí ọmọ. Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, mi ò lè ka iye àyẹ̀wò tó ti ṣe. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wo họ́mónù. Wọ́n ta omi sí i nínú, wọ́n yà á ní fọ́tò láti mọ̀ bóyá ojú ọ̀nà ẹyin dí. Wọ́n wo AMH rẹ̀. Áńtíbọ́dì ni wọ́n fi ń wọn AMH náà o. Àwọn àpò kéékèèké inú ilé ẹyin ló ń pèsè rẹ̀, nítorí náà ó ń fi bí ẹyin tó kù ṣe pọ̀ sí hàn. Kò sọ pé obìnrin yìí máa lóyún tàbí kò ní lóyún. Àmì ni.

22/
Nọ́ńbà tó gbé wálé ò pọ̀. Ẹnìkan nínú àwọn àna gba ìwé náà, ó kà á, ó sọ ọ́ sórí tábìlì. Láti ọjọ́ yẹn, ìwé yẹn di ìdájọ́. Wọ́n ní ẹyin ẹ̀gbọ́n mi ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun fún ọjọ́ méjì.

Mo lọ jókòó tì í. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, àyẹ̀wò ti Bùọ̀dá ńkọ́?"

Ó ní, "Àyẹ̀wò wo?"

Ọdún mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó yẹ akọ wò.

23/
Mo ronú kan clam. Ní láàbù tó wà ní òdìkejì ayé, wọn ò ní gba ẹyọ nọ́ńbà kan gbọ́ nípa abo ẹran omi tí wọ́n máa fi sebẹ̀ lọ́la, àfi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ yẹ akọ wò. Nínú ilé wa, a fi ìwé kan ṣoṣo dá obìnrin odindi lẹ́jọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Mo bá Bùọ̀dá sọ̀rọ̀ fúnra mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe pé mo ń fẹ̀sùn kàn yín. Tí a ò bá mọ tiyín, ìwé tí wọ́n kó sórí ìyàwó yín yẹn ò tíì sọ nǹkan kan." Ó dákẹ́ títí. Ó ní òun máa rò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀. Kò ju ọjọ́ kan lọ, wọn ò gún un lábẹ́rẹ́ kankan.

24/
Ohun tí ìwé tirẹ̀ sọ, tàwọn méjèèjì ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Èyí tí mo lè sọ ni pé láti ìgbà yẹn, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń lọ rí dókítà. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ "ẹyin ti tán" létí mi mọ́. Ọmọ ò tíì dé. A ṣì ń retí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti ń jẹun, ó ti ń rẹ́rìn-ín, èèyàn méjì ló sì ń gbé ẹrù tí wọ́n ti dì lé òun nìkan lórí tẹ́lẹ̀.

25/
Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé èsì àyẹ̀wò kan síwájú yín, ì báà jẹ́ ti clam, ì báà jẹ́ ti èèyàn, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta:

Àmì kí ni èyí, kí sì ni ohun gan-an tí a ń wá?
Ta ni wọ́n fi wé? Ṣé wọ́n yẹ ẹni tó yẹ kó sọ "rárá" wò?
Ojú wo ló tún rí i yàtọ̀ sí àyẹ̀wò yìí?

Tí ẹni náà ò bá lè dáhùn ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má ì tíì sunkún, ẹ má ì tíì jó.

26/
Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá, pàápàá ẹ̀yin tó ń ka ẹ̀kọ́ ẹja tàbí Biochemistry lẹ́bàá odò àti ọ̀sà. Áńtíbọ́dì tí wọ́n ṣe fún Manila clam ní Korea lè má mọ Galatea tiwa rárá. Ẹran ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ilé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, ẹ gbọ́dọ̀ dán an wò ná. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ehoro wà, ẹyin wà, àwọn obìnrin tó mọ ibi tí clam wà nínú odò wà. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ sanwó clam wọn dáadáa, kí ẹ sì padà lọ sọ ohun tí ẹ rí fún wọn. Ọjà wọn ni.

Tí ẹ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, a jọ máa wo bí ẹ ṣe máa to ihò 96 yẹn. Kí ẹ tó kó abo sínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ya ihò ti akọ sọ́tọ̀.

Ẹ bá mi pín in kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀.